Ọwọ́ Àlàáfíà

“Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n,” ni ẹ̀rọ náà wí, bẹ́ẹ̀ Ládépò nìkan ló jókòó síwájú ẹ̀. “Ìbéèrè tó kàn: nígbà tí wárápá bá gbé yín ṣánlẹ̀, ta ló máa ń dúró tì yín?”

Ládépò wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó tún yọjú wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, àfi bí ẹni pé ẹni tó dúró ọ̀hún sá pamọ́ síbẹ̀.

“Kò sí,” ló wí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ kó dún ketekete.”

“Mo ní kò sẹ́ni tó máa ń dúró. Wọ́n máa ń sá ni. Ohun tí ìjọba so mọ́ mi lọ́wọ́ yìí náà ló ń lé wọn.”

Kú-Déédéé ni gbogbo Ìdí-Emi ń pe ẹ̀rọ yìí. Àwọn tó ṣe é ò gbọ́ Yorùbá, ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò láyé àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá fẹ́ sọ fún ẹ pé o máa kú, á kọ́kọ́ kí ẹ, á sì dúpẹ́ pé o fetí sílẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó yan orí. Orí kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá ti kún dáàmù tó ń fún ìlú níná, tí iná bá pọ̀ tó. Orí tó bá yan ni wọ́n máa gbé lọ sábẹ́ ẹ̀rọ awòran-orí, tí àwọn dókítà á sì ṣí i, kí wọ́n gé ibi tí wárápá fi ṣe ilé. Àwọn orí tó kù á lọ máa mu oògùn. Ládépò ti mu oògùn títí, èyí pupa, èyí funfun, èyí tó ń rùn bí ẹja. Kò sí èyí tí wárápá ẹ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

“Ìyá mi máa ń dúró,” ni Ládépò wá rántí.

“A dúpẹ́. Ẹ pè wọ́n wá.”

“Wọ́n ti kú.”

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ pè wọ́n wá.”

Ládépò ò mọ̀ bóyá kó sunkún ni àbí kó rẹ́rìn-ín, ó kàn wú ikọ́.

“Ṣé wọn ò sọ ọwọ́ tó máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n fún yín?”

“A kì í dárúkọ àìsàn yìí nílé wa.”

“Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ̀n ló ń júwe ibi tí iná ti ń ràn nínú ọpọlọ. Òsì ni àbí ọ̀tún?”

“N ò mọ̀. Tó bá ti dé, èmi kì í sí nílé.”

“Àmì mìíràn tí ẹ ṣàkíyèsí?”

Ládépò wo ilẹ̀. Nǹkan kan wà tí kò tíì sọ fún dókítà kankan rí. Ìgbàkígbà tó bá ṣubú sílé, tó bá fi máa jí, sílípáàsì ẹ̀ méjèèjì á wà ní títò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ti ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, nǹkan rírọ̀ kan á sì wà lábẹ́ orí ẹ̀, àpò ìrẹsì ni o, àkísà ni o. Ó ti pẹ́ tó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé wárápá tòun kàwé díẹ̀. Wárápá ẹlòmíì ń fọ́ agbárí, tòun ń tún ilé ṣe.

“Ó máa ń to bàtà,” ló fẹnu kẹ́lẹ́ sọ.

Kú-Déédéé yẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀ wò. “A ò rí títo bàtà nínú àwọn àmì àìsàn yìí. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìlú mẹ́ta ló máa wà lókùnkùn lọ́jọ́ tí a bá tan ẹ̀rọ awòran-orí. Ẹran á bàjẹ́ nínú fíríìjì. A ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí orí tí a ò mọ apá ibi tí a máa wò. Ẹ mú ẹni tó dúró wá kí oòrùn tó wọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ìgbà òjò tó ń bọ̀. A dúpẹ́ pé ẹ fetí sílẹ̀.”

Iná ojú ẹ̀ sì kú pì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti nǹkan tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún Ládépò. Yàgò lorúkọ ẹ̀. Kí wárápá tó dé ni Yàgò ti máa gbọ́ òórùn ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á pọ́n bí ata, á wá figbe ta: “Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún un!” Wọ́n ṣe é kí àyè lè gba ẹni tó fẹ́ ṣubú ni, kó má lọ forí gbá nǹkan. Èrò rere ni. Àmọ́ tó o bá ní kí ará Ìdí-Emi sún díẹ̀, ó di ìlú kejì kó tó dúró. Lọ́jọ́ tí Yàgò ké ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ tó ń wàásù “ẹ má bẹ̀rù” lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Ọlọ́kadà kan bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà olóòrùn ẹ̀, ọ̀kadà yẹn ń lọ, èrò ẹ̀yìn sì wà lórí ẹ̀ tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n ya fídíò ẹ̀ kẹ̀? Èèwọ̀ ni. Nígbà kan wọ́n ń ya àwọn tó ṣubú, wọ́n ń fi orin sí i, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìjọba fòfin dè é. Láti ìgbà náà, tí Ládépò bá ti fẹ́ ṣubú, gbogbo ojú ẹ̀rọ tó wà ládùúgbò á di pípadé, bí ìyàwó tuntun tó pàdé bàbá ọkọ ní balùwẹ̀. Èèyàn ò wò ó, ẹ̀rọ ò wò ó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní Yàgò ní Ìdí-Emi, Àkànjí onígi. Òun nìkan ló máa ń bá Ládépò jókòó jẹun. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, Àkànjí ń fami nínú kànga, Yàgò ẹ̀ ké. Gbogbo èèyàn yà lóòótọ́. Yàgò ń ké nínú omi níbẹ̀ títí bátìrì ẹ̀ fi kú.

Nítorí náà, ìgbà òjò tó ń bọ̀ ọ̀hún, ó jìnnà sí Ládépò bí òṣùpá.

Ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba ni Sàlámì Ẹlẹ́rìí ti ká a mọ́. Iṣẹ́ tí Sàlámì ń ṣe nìyẹn, ó ń jẹ́rìí. Ó ti jẹ́rìí sí ààlà ilẹ̀ tí kò débẹ̀ rí, ó ti jẹ́rìí sí ìgbéyàwó ẹni tí kò mọ̀ rí, ó sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ní kóòtù pé ojú òun ni wọ́n ṣe bí bàbá kan tó fi irun funfun jù ú lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́rìí lẹ ń wá.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ìrìn yín ni. Ẹni tí ò ní ẹlẹ́rìí máa ń rìn bí adìẹ tójò pa.” Sàlámì tún fìlà ẹ̀ ṣe. “Ẹ má dààmú. Mo dúró. Mo rí i. Ẹ yí, ẹ gbọ̀n, ẹ hó ìfófó. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbọ̀n.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún?”

“Ọ̀tún ló dáa jù. Ṣé ọwọ́ kejì lẹ fẹ́ ká gbé lọ síwájú ìjọba ni?”

“Tí kò bá wá jẹ́ ọ̀tún ńkọ́? Ibi tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n máa ṣí.”

“Wọ́n á pa á dé padà náà!” Ó yà Sàlámì lẹ́nu. “Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣí, kò ní mọ̀ ọ́n pa dé? Ìyàwó mi náà máa ń ṣí ìkòkò wò, tí ọbẹ̀ ò bá tíì jinná, á dé e. Ọpọlọ ni wọ́n fẹ́ ṣí, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ tó máa fò jáde.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ládépò láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ọ̀hún ya òun alára lẹ́nu, ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yẹn wá wọ̀ ọ́ lára. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ kan, ó fọwọ́ kan èkejì. Ọ̀kan nínú wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èwo?

“Dúró dè mí,” ló wí. “Kí n lọ mú kọ́ọ̀bù mi wá nílé.”

Torí ní ọ́fíìsì ìjọba náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀, kọ́ọ̀bù tí ẹni tó ní Yàgò bá mú wá látilé ló fi ń mu omi, wọn kì í fún un ní tiwọn.

Yàrá kan ni Ládépò ń gbé, lẹ́yìn ilé onílé. Ojú ọ̀nà ẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá níbi tí màmá arúgbó kan ti máa ń sẹ́ ògì. Ládépò ti kí màmá yìí títí. Láàárọ̀, “Ẹ káàárọ̀ mà.” Màmá á máa fọ agbada lọ. Lálẹ́, “Ẹ káalẹ́ mà.” Màmá á kẹ̀yìn sí i. Nígbà tó yá, òun náà pa ẹnu ẹ̀ dé. Ó kà á mọ́ àwọn tó kù.

Lọ́jọ́ yìí, ó kọjá pẹ̀lú kánjúkánjú, ó bọ́ sílípáàsì ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, ìkejì dojú bolẹ̀. Ó mú kọ́ọ̀bù. Bó ṣe jáde, màmá dìde dúró sí i lọ́nà, ògì ń kán lọ́wọ́ ẹ̀.

“Ìwọ! Ìwọ ọmọ yìí! Ọjọ́ wo lo tiẹ̀ máa mọ bàtà tò? Ṣé bí mo ṣe máa máa bá ẹ tò ó lọ nìyẹn? Ẹ̀yìn ń ro mí o!”

Kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ Ládépò.

“Ẹ̀yin ni?” ló wí. “Ẹ̀yin lẹ máa ń tò ó?”

“Ẹyin?” Màmá fojú kékeré wò ó. “N kì í ta ẹyin. Ògì ni mò ń tà.”

Ládépò wo ẹnu màmá, ó wo etí ẹ̀. Gbogbo “ẹ káàárọ̀” tó ti ṣòfò láti ọdún yìí wá, wọ́n tò wá síwájú ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó sún mọ́ ọn, ó sì pariwo sí i létí: “Màmá, ṣé ẹ kì í gbọ́ràn ni?”

“Ẹ̀n-ẹ́n, rọra, má fọ́ èyí tó kù! Etí ọ̀tún ti lọ tipẹ́. Etí àlàáfíà ló kù, òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní àlàáfíà.”

“Mo ti ń kí yín! Lójoojúmọ́ ni mò ń kí yín!”

“Ìwọ? O ò kí mi rí! Èmi náà sì ti sọ ọ́ nínú ara mi pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kò burú, àìsàn ló ń ṣe é.”

“Yàgò ò lé yín sá?”

“Ta ní ń jẹ́ Yàgò?”

Ó na ọwọ́ sí i. Màmá fi ìka tó kún fún ògì tẹ̀ ẹ́. “Aago yìí? Mo máa ń rí i tó ń pọ́n. Mo rò pé ara aago náà ni ò yá.”

“Ẹ rí mi nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀?”

“Mo ti rí i títí ó fi sú mi! Ọwọ́ àlàáfíà ló máa ń kọ́kọ́ jó. Ìka yìí, á dé ọrùn-ọwọ́, á gun apá lọ, ojú ẹ á yí, wàá wá lọ bí igi tí wọ́n gé. Màá gbé ẹ dẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè rọ́nà gbà. Màá jókòó tì ẹ́. Nígbà tó o bá ti ń han-an-run, mo ti mọ̀ pé o ti padà dé, màá lọ máa bá iṣẹ́ mi lọ. Lọ́jọ́ tó o wó agbada ògì mi, mo bú ẹ, mo bú ẹ, o ò tiẹ̀ dáhùn.”

Ládépò rọra jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó gbé sílípáàsì méjèèjì lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Kì í ṣe wárápá. Èèyàn ni.

Nígbà tó dìde, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ síbì kan.”

“Hẹn?”

Ó dá ọlọ́kadà kan tó ń kọjá dúró, ó sì gbé màmá sẹ́yìn ẹ̀ kó tó di pé wọ́n parí ìjíròrò yẹn.

Sàlámì ti ń pààrà lẹ́nu géètì. “Ta lẹ mú wá yìí?”

“Ẹlẹ́rìí ni.”

“Ojúlówó?” Sàlámì fọwọ́ lérí. “Haba, ẹ̀gbọ́n! Ẹ fẹ́ bá wa ba ọjà jẹ́ ni?” Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn wọlé, ó lóun fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe tòótọ́.

Oòrùn ti rẹlẹ̀. Ojú Kú-Déédéé tàn. “Ẹ kú déédéé ìwòyí o. A rí ẹni tó dúró. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò gbọdọ̀ la ẹnu. Tó bá la ẹnu, ẹ̀rí ti bàjẹ́, ó di ìgbà òjò tó ń bọ̀.”

“Kí ló wí?” ni màmá bi Ládépò.

Ládépò fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀.

Kú-Déédéé gbóhùn sókè. Màmá ò gbọ́. Ó tún gbé e sókè, títí páànù òrùlé fi ń gbọ̀n, tí àwọn ewúrẹ́ ìta fi tú ká. Màmá wá fi etí kan tó kù lé ibi tí ohùn ti ń jáde.

“Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n?”

“Ọwọ́ àlàáfíà.”

“A gbọ́ yín. Ọwọ́ wà ní àlàáfíà. Kò sí àìsàn nínú ọwọ́.”

“Mo ní ọwọ́ àlàáfíà!”

“Ẹ sọ ọ́ pàtó, màmá. Òsì ni àbí ọ̀tún?”

Ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ní Ìdí-Emi, ahọ́n àwọn àgbà kì í ya òsì kúrò lára òṣì, bákan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Àgbà tó bá mọ ohun tó ń ṣe ò ní la ẹnu ẹ̀ kó pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ọmọ ọlọ́mọ. Àlàáfíà ni wọ́n ń pè é, kó lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ka ìròyìn láyé àtijọ́ ò kà á nínú ìròyìn.

“Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ẹ?” ni màmá wí. “Ọmọ tí ò ní ìyá, tí ò ní bàbá, tí ẹnikẹ́ni ò bá jẹun, o fẹ́ kí èmi tún wá fẹnu mi pe ìyẹn lé e lára? Kí n wá ṣépè fún un níwájú ìjọba? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọwọ́ àlàáfíà ni mo rí, òun ni màá sọ.”

“Ẹ ṣeun. Nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ́, ire ni àlàáfíà. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ ire. A máa kọ ọ̀tún sílẹ̀.”

Ládépò tẹ ọwọ́ mọ́ ẹnu. Tó bá dákẹ́, ibi tó dáa ni wọ́n máa gé kúrò lórí ẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, ó di ìgbà òjò mìíràn, ọ̀gbẹlẹ̀ sì wà láàárín, kànga Àkànjí sì wà níbẹ̀. Ó bu ahọ́n ẹ̀ jẹ. Ahọ́n ọ̀hún ò bínú, ó ti mọ́ ọn lára.

“Kí ẹni tó dúró gbọ́wọ́ lé gíláàsì yìí láti fọwọ́ sí i pé ọ̀tún ni.”

Sàlámì fọwọ́ ṣàpèjúwe gíláàsì náà fún màmá. Màmá wò ó. Ó wo Ládépò, bí ojú ẹ̀ ṣe ń yọ omi, bí ẹnu ẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́. Ó wá dà bí ẹni pé ohun kan yé e tí etí ò sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ọwọ́ tí a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni, tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ó sì fi gbá gíláàsì náà, pàá! Ògì fọ́n sí gbogbo ojú Kú-Déédéé.

“Èyí! Èyí ni mò ń wí! Ṣé ojú ẹ ti wá ríran báyìí?”



“Ẹ kú,” ni ẹ̀rọ wí. “Ẹ kú. Ẹ kú.” Iná ojú ẹ̀ kú, ó tún tàn, bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí lóòótọ́. “Ọwọ́ òsì. Ó ti wọlé. Apá ọ̀tún ọpọlọ ni a máa wò. A tọrọ àforíjì. Orí yìí ni a yàn.”

“Màmá!” ni Sàlámì pariwo. “Ẹ gbá ìjọba létí! Ojú mi ló ṣe! Mo lè jẹ́rìí sí i!”

“Ìbéèrè tó kẹ́yìn,” ni Kú-Déédéé wí. “Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè la ẹnu báyìí. Kí ni orúkọ ẹni tó dúró tì yín?”

Ládépò la ẹnu. Ẹni tó ti ń gbé orí òun sókè láti ọjọ́ yìí wá, òun ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹnu lé etí àlàáfíà.

“Màmá, kí lorúkọ yín?”

“Hẹn?”

“Orúkọ yín!”

Màmá ronú díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí kò wọ̀ mọ́. “Mórẹ́nikéjì,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Àwọn tó ń pè é ti lọ tán.”

Nígbà tí wọ́n jáde, ìròyìn ti jáde ṣáájú wọn. Àwọn èèyàn dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wo Ládépò bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ ba ẹran wọn jẹ́ nínú fíríìjì. Kò sẹ́ni tó kí i kú oríire. Màmá ti ṣáájú, ó ń sọ fún afẹ́fẹ́ pé ògì òun á ti kan.

Ibẹ̀ ni Yàgò ti pọ́n.

“Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún un!”

Eruku sọ. Bàtà, fìlà, ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo ẹ̀ fò. Sàlámì ló ṣáájú wọn, ó ń sá, ó sì ń wẹ̀yìn kó lè jẹ́rìí sí i.

Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń sá ni Ládépò máa ń wò títí á fi lọ. Ẹ̀yìn wọn ló máa ń rí kẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ọwọ́ ẹ̀. Àlàáfíà ni lóòótọ́: ìka kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ijó, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe èèyàn. Ó gbójú sókè. Títì ti ṣófo láti géètì títí dé ìsàlẹ̀, àfi màmá tí ògì gbẹ mọ́ etí ìró ẹ̀, tó ti yíjú padà, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń ṣàròyé ẹ̀yìn ríro.

Ládépò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ kejì, ó bọ́ èyí tó kù náà. Apá ti ń gbọ̀n, ilẹ̀ ti ń yí. Ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti ọ̀kan, ó tì í, ó tì í, ó ń wá bí wọ́n ṣe máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí màmá tó dé.